Sítíárìn Òsì, Nọ́ńbà Ọ̀tún: Àkọsílẹ̀ MGB Kan ní Ìkòròdú

Mọ́tò tí ọ̀rọ̀ dá lé yìí jẹ́ MGB, ọkọ̀ eléré onílẹ̀kùn méjì tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, tí ilé iṣẹ́ MG ṣe ní Abingdon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1966. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà lábẹ́ igi fúrúùtù nínú àgbàlá ilé kan lápá Ẹ̀bútè, ní Ìkòròdú, níbi tí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń fẹ́ sí i tọ̀sán-tòru. Ewé ti kún inú rẹ̀, òrùlé kánfáàsì rẹ̀ ti jẹrà, àwọn ọmọdé sì ti sọ ọ́ di ibi ìsápamọ́. Bàbá tó ni ilé náà ti di olóògbé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹnjiníà kan tó ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, ló pinnu pé òun máa tún mọ́tò náà ṣe kí orúkọ bàbá òun má parun. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí ìdílé méjì ni ọ̀rọ̀ náà kàn, Ìkòròdú ni àwọn méjèèjì sì ń gbé títí di òní.

Ohun tí ẹnjiníà mọ̀ nípa ìtàn mọ́tò náà kò pọ̀, àmọ́ ó dá a lójú. Wọ́n ti sọ fún un láti kékeré pé ní nǹkan bíi 1978 ni bàbá òun rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó gbé e wá láti Amẹ́ríkà. Kò sí rísíìtì, kò sí pátíkúlà, ikán ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé bàbá náà. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó dì mú ni pé apá òsì ni sítíárìn wà. Ẹ̀rí yẹn kì í ṣe ẹ̀rí ọmọdé. Láàárín 1962 sí 1980 tí wọ́n fi ń ṣe MGB, èyí tí wọ́n ṣe lé ní 500,000, Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì lọ, pẹ̀lú sítíárìn lápá òsì. Ẹni tó bá rí mọ́tò náà tó sì gbọ́ ìtàn yẹn, kò ní rí ìdí tó fi yẹ kó jiyàn.

Wọ́n wọ́ mọ́tò náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù panẹbítà kan lójú ọ̀nà Ṣàgámù. Ọ̀gá yìí mọṣẹ́, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Kámúrì tí tírélà gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́, á nà án títí ojú ò fi ní rí ibi tó ti ṣẹ́. Àmọ́ MGB ní àṣírí tirẹ̀. Kò ní ṣáṣí lábẹ́ tí bọ́dì jókòó lé. Bọ́dì náà gan-an ló ru ara rẹ̀, èyí tó sì ru jù ni irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì, tí a ń pè ní síìlì. Torí pé kò ní òrùlé irin tó lè bá a di iwájú mọ́ ẹ̀yìn, síìlì méjèèjì ni òpó ilé. Tí èèyàn bá wò ó láti ìta, irin kan lásán ni, àmọ́ ó ní awẹ́ ti òde, awẹ́ ti inú, pákó irin kan tó dúró láàárín méjèèjì, àti irin kan nísàlẹ̀ tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Omi òjò tó bá wọ ibẹ̀, tí ewé àti yanrìn bá ti dí ihò tó yẹ kó gbà jáde, inú ló ti ń jẹ irin wá sóde. Nígbà tí ìpẹtà bá fi máa hàn lójú, inú ti tán.

Nígbà tí ọ̀gá fi òlù kan síìlì náà, bọ́dífílà ló wó lulẹ̀. Ẹnì kan ti fi sìmẹ́ǹtì mọ́tò yẹn di ihò láyé ọjọ́un, ó sì kùn ún ní funfun. Inú bí ọ̀gá, ó gbé máṣíìnì ìgérin, ó gé síìlì ọ̀tún àti ti òsì dànù lọ́jọ́ kan náà. Búlọ́ọ̀kù ni mọ́tò náà jókòó lé, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Kò sí ohunkóhun lábẹ́ àárín. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àárín mọ́tò ti rọlẹ̀. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ti ṣí kò ṣeé tì mọ́, etí rẹ̀ lókè ti ń gún òpó tí àgádágodo wà lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n jó síìlì tuntun mọ́ ọn bó ṣe rí yẹn ni, wíwọ́ yẹn ni ì bá di ìrísí rẹ̀ títí ayé.

Ibí yìí ni wọ́n ti pè mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo mọ́tò àtijọ́ fún àwọn tó fẹ́ rà á tàbí tí wọ́n fẹ́ tún un ṣe. Ọ̀gá ti gbé iná wẹ́díìnì sọ́wọ́ nígbà tí mo dé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kàn án,” mo bẹ̀ ẹ́. “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé àárín rẹ̀ dìde.”

Kò dùn mọ́ ọn, àmọ́ ó gbé iná sílẹ̀. Jáàkì méjì la fi sábẹ́ ilẹ̀ mọ́tò pẹ̀lú pákó tó fẹ̀, a ń gbé e díẹ̀díẹ̀, a ń ti ilẹ̀kùn wò, títí àyè tó yí ilẹ̀kùn ká fi dọ́gba lókè àti nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá wá gé irin áńgù, irú tí wọ́n fi ń ṣe férémù géètì, ó jó o láti òpó tí ilẹ̀kùn so mọ́ dé òpó àgádágodo, lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹnu ilẹ̀kùn má lè sún mọ́ra tàbí kó jìnnà síra mọ́. Ó yẹ kí irin yẹn ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gé ohunkóhun. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gbẹ́ kan ni kí wọ́n parí kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìkejì.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n lọ ra ṣíìtì gáùgẹ́ 18 ní Òwódé Onírin ni ìyáàfin kan dé láti Sábó. Ẹnì kan ló lọ sọ fún un pé wọ́n ń gé mọ́tò bàbá rẹ̀. Ó mú fọ́tò kan dání, aláwọ̀ dúdú àti funfun, etí rẹ̀ ti ká. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúró ti MGB kan, ó gbé ọwọ́ lé orí ilẹ̀kùn. Lọ́wọ́ ọ̀tún ni sítíárìn wà nínú fọ́tò náà. Ìyáàfin náà ní bàbá òun kàwé ní England, ó gbé mọ́tò náà bọ̀ wálé kí wọ́n tó yí apá tí mọ́tò ń gbà lójú títì padà, ìgbà tó sì tún fẹ́ rìnrìn àjò lọ sókè òkun, ó fi í sọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ẹ̀bútè. Kò padà wálé mọ́. Òkè òkun ló kú sí, ọmọdé sì ni gbogbo wọn nígbà náà.

Ẹnjiníà fún un lésì pé, “Ìyá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Àmọ́ sítíárìn tó wà nínú fọ́tò yín, ọ̀tún ni. Ti bàbá mi, òsì ni. Kì í ṣe mọ́tò kan náà.”

Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ó dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì ní kí wọ́n lọ pe àwọn àgbà ẹbí jókòó. Iṣẹ́ dúró. Òjò bẹ̀rẹ̀, irin tí wọ́n ti hó ọ̀dà kúrò lára rẹ̀ tún ń dípẹtà lábẹ́ tàpólì tó ń jò. Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ yìí ronú sí àkókò yẹn gidigidi. Mọ́tò tí ìpẹtà ti jẹ lábẹ́ igi fún ogún ọdún ṣì ní awọ tó ń dáàbò bò ó. Èyí tí a ti tú, tí a ti hó, tí a wá pa tì, oṣù díẹ̀ péré lè bà á jẹ́ ju gbogbo ọdún ìṣáájú lọ.

Mo béèrè plate ṣáṣí, bí a ṣe ń pè é nìyẹn bí mọ́tò kò bá tiẹ̀ ní ṣáṣí. Lára MGB, plate kékeré kan máa ń wà nínú ilé ẹ́ńjìnì tí wọ́n tẹ nọ́ńbà mọ́tò sí. Kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá ní wọ́n tú u nígbà tí wọ́n ń hó ọ̀dà, ó sì ṣeé ṣe kó ti bá pàǹtírí lọ. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, ló wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, tó sì gbé agolo mílíìkì kan jáde. Gbogbo bóòtì àti nọ́ọ̀tì tó tú lára mọ́tò náà ló kó síbẹ̀, ó ti fi kẹrosíìnì rẹ wọ́n. Plate náà wà nísàlẹ̀ agolo. Ó fi àkísà nù ún, a gbé e sínú oòrùn, a sì kà á: GHN3, lẹ́yìn náà ìlà kékeré, lẹ́yìn náà nọ́ńbà.

Lẹ́tà wọ̀nyí kò ṣàdédé wà níbẹ̀. G dúró fún MG. H ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe tóbi tó. N ń sọ pé ọkọ̀ oníjòókòó méjì aláìlórùlé ni. 3 ń sọ ìran tó ti wá. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣe é fún ilẹ̀ tí sítíárìn wọn wà lósì ni, L ì bá tẹ̀ lé 3 yẹn. L kò sí níbẹ̀. Mọ́tò tí sítíárìn rẹ̀ wà lósì lójú wa yìí, sítíárìn ọ̀tún ni wọ́n bí i mọ́.

Kí ló dé tí ẹnì kan fi máa yí i? Ẹni tó bá dàgbà tó ní Nàìjíríà mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni orílẹ̀-èdè yìí kúrò ní wíwa mọ́tò lápá òsì títì, tó bọ́ sí apá ọ̀tún. Ṣáájú ọjọ́ náà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń wà á là ń wà á, nígbà tó jẹ́ pé Dahomey, Niger, Chad àti Cameroon tó yí wa ká, apá ọ̀tún ni tiwọn. Lẹ́yìn ìyípadà yẹn, ẹni tó jókòó ti sítíárìn ọ̀tún tó fẹ́ ya ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀ kò ní rí ohun tó ń bọ̀ àfi tó bá yọ mọ́tò síta tán. Nínú ọkọ̀ tó kúrú nílẹ̀ bíi MGB, ewu ńlá ni.

A hó awọ orí dáṣíbọ́ọ̀dù. Abẹ́ rẹ̀ ni ìtàn wà. Wọ́n ti gé irin dáṣíbọ́ọ̀dù náà, wọ́n yí i, wọ́n sì fi bàbà jó o padà. Ojú ibi tí wọ́n jó yẹn wú bí àpá iṣẹ́ abẹ. Lápá ọ̀tún, ihò tí ọ̀pá sítíárìn ti gbà kọjá rí wà níbẹ̀, wọ́n fi ṣíìtì pẹlẹbẹ dí i. Ní kọ̀rọ̀ tí ọ̀dà funfun kò dé, ọ̀dà pupa ló wà níbẹ̀. Ìyáàfin náà ti sọ ọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé pupa ni mọ́tò bàbá òun.

Síbẹ̀, ẹ̀rí yìí kò tíì sọ ẹni tó ni ín. Ó kàn fi hàn pé ìtàn Amẹ́ríkà kò lè jẹ́ òótọ́. Bàbá Ẹ̀bútè lè ti rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì lẹ́yìn ìyípadà.

Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀rọ̀ náà dé ibi tó parí sí, mo sì fẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀. Ó lọ ṣí Kùránì bàbá rẹ̀, níbi tí bàbá náà máa ń fi ìwé pàtàkì há sí, ó sì rí rísíìtì kan tí wọ́n ká mẹ́rin. Ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan ló kọ ọ́, pé wọ́n gba owó iṣẹ́ yíyí sítíárìn MG. Orúkọ bàbá ìyáàfin náà ló wà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni mọ́tò, orúkọ bàbá tirẹ̀ sì wà lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wá gbé e. Ikán ti jẹ ibi tí ọdún wà. Àmọ́ pọ́n-ùn àti ṣílè ni wọ́n fi kọ iye owó náà. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà bẹ̀rẹ̀, nítorí náà rísíìtì yẹn ti wà ṣáájú ìgbà náà. Mọ́tò tí wọ́n ní wọ́n rà ní 1978 ti wà ní Ìkòròdú ó kéré tán ọdún márùn-ún ṣáájú, ọ̀rẹ́ sì ni ẹni tó ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin yìí lè ya ìwé náà kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀ láéláé. Ó gbé e lọ síwájú àwọn àgbà, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún ìyáàfin náà.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa tún yí, a kọ̀wé sí British Motor Museum ní Gaydon, níbi tí ìwé àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe MGB wà. Tí èèyàn bá fi nọ́ńbà ṣáṣí ránṣẹ́, tó sì sanwó, wọ́n máa ń fún un ní ìwé ẹ̀rí tó sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe mọ́tò náà, àwọ̀ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n gbé e lọ. Ìwé náà dé: sítíárìn ọ̀tún, àwọ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní Tartan Red, England ni wọ́n ti tà á. Kò dárúkọ ẹni tó rà á. Àmọ́ pẹ̀lú rísíìtì àti fọ́tò, ó tó.

Ó ku pínpín. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá ìyáàfin náà fẹ́, ìdí igi mẹ́ta sì nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ fẹ́ kí wọ́n tà á fún oníbàárà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Olórí ẹbí ní ohun ìní ẹbí kì í ṣe ohun tí ọmọ kan ń dá tà. Wọ́n jókòó títí wọ́n fi gbà pé ẹnjiníà ni kí wọ́n tà á fún, pé kí wọ́n yọ owó tó ti ná kúrò nínú iye rẹ̀, pé ẹnì kan láti ìdí igi kọ̀ọ̀kan máa fọwọ́ sí ìwé, àti pé nínú ìwé ìtàn mọ́tò náà, orúkọ bàbá wọn ni yóò ṣáájú, tí ti bàbá rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú.

Iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá panẹbítà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká síìlì náà, awẹ́ lórí awẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì, irin áńgù kò sì kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn títí ó fi parí. Ilẹ̀kùn méjèèjì ń pa dé pẹ̀lú ìka kan.

Níbi iná mọ̀nàmọ́ná, rewáyà fẹ́ sọ aago tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnì nù pé ó ti kú. Kò kú. MGB tí wọ́n ṣe ṣáájú ìparí 1967, pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ bọ́dì, bátìrì fóòtù mẹ́fà-mẹ́fà méjì ló sì wà lẹ́yìn ìjókòó. Ẹnì kan ti fi bátìrì fóòtù 12 kan rọ́pò wọn láyé ọjọ́un, ó sì so négátíìfù mọ́ bọ́dì bíi ti mọ́tò òde òní. Aago náà mọ ìyàtọ̀, kò sì ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà. Wọ́n ṣí i, wọ́n pààrọ̀ ìsopọ̀ inú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì gbéra.

Ẹ́ńjìnì rẹ̀, irú tí wọ́n ń pè ní 18GB, tó jẹ́ 1,798 cc, kò tíì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Kábúrétọ̀ SU méjì ló da mẹkáníìkì láàmú, títí bàbá àgbà kan fi wá láti Ìgbógbò. Ó kọ́kọ́ bu òróró díẹ̀ sínú agolo tó wà lórí kábúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan, torí tí òróró kò bá sí níbẹ̀, tí èèyàn bá tẹ tọ́tù lójijì, ẹ́ńjìnì á rẹ̀wẹ̀sì kó tó gbéra. Lẹ́yìn náà ló gé rọ́bà hóòsì, ó ki ẹnu kan sí etí rẹ̀, ó na ẹnu kejì sí ẹnu kábúrétọ̀, ó ń gbọ́ bí atẹ́gùn ṣe ń hó wọlé. Ó ń yí ṣúrù, ó tún ń bọ́ sí èkejì, títí ohùn méjèèjì fi dọ́gba. Gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ló fi etí sí hóòsì náà lẹ́yìn rẹ̀, bó sì ṣe yẹ kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ nìyẹn.

Àríyànjiyàn tó kù ni ti sítíárìn. Ìyáàfin náà fẹ́ kí wọ́n dá a padà sí ọ̀tún bíi ti fọ́tò. Ẹnjiníà gbà pẹ̀lú rẹ̀, torí mọ́tò tó bá rí bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é ni àwọn olówó ń wá. Èmi lòdì sí i, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ọ̀nà wa kò padà sí òsì, ewu tó wà ní 1972 ṣì wà níbẹ̀. Ju ìyẹn lọ, àpá tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni apá Nàìjíríà nínú ìgbésí ayé mọ́tò náà. Òun ló sọ òótọ́ nígbà tí ènìyàn kò mọ ọ́n mọ́. Ká ní wọ́n ti ra dáṣíbọ́ọ̀dù tuntun láti òkè òkun ní ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sọ ti àtijọ́ sínú pàǹtírí, ìyáàfin yẹn kì bá tí rí ẹ̀tọ́ bàbá rẹ̀ gbà. Wọ́n gbà. Awọ tuntun ló bo àpá náà báyìí, ṣùgbọ́n ó ṣeé ká kúrò, kò sì sí ẹni tó lọ̀ ọ́ dán.

Nítorí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, àwọn panẹbítà tí mo ń bá ṣiṣẹ́ kì í tú bóòtì kan kí wọ́n tó ya fọ́tò plate, ilé ẹ́ńjìnì, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù àti ọ̀dà tó wà ní kọ̀rọ̀. Plate kì í kúrò lára mọ́tò àfi kí wọ́n so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́, kí oníbàárà sì fọwọ́ sí i pé òun rí i. Irin tí a bá gé dànù, a máa ń tọ́jú rẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Bí oníbàárà bá sì sọ pé ogún ni mọ́tò, mo máa ń béèrè ìwé tí olórí ẹbí àti ìdí igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí kí máṣíìnì ìgérin tó dún. Inú máa ń bí àwọn kan. Mo máa ń ní kí wọ́n gbé e padà sílé títí ìwé á fi pé.

Mọ́tò náà ti gba nọ́ńbà KRD, àwọ̀ Tartan Red ló sì wà lára rẹ̀. Ẹ̀dà ìwé ìtàn rẹ̀ wà ní Ẹ̀bútè, ẹ̀dà kan wà ní Sábó. Ọmọ iṣẹ́ tó tọ́jú plate sínú agolo mílíìkì ti gba òmìnira. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ pè báyìí tí mọ́tò tó dàgbà ju 1972 lọ bá yọjú láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, torí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló máa ń kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí.